Ìṣòro wo ló bí framework yẹn? Bí mo ṣe ń yan èyí tí mo máa kọ́ tẹ̀lé

Iṣẹ́ mi ni títún àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ ṣe. Nígbà tí àwọn tó kọ ètò kan bá ti bá ibòmíràn lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì tọ́jú framework (ìpìlẹ̀ kóòdù tó ti wà nílẹ̀, tí a ń kọ́ ètò lé lórí) tí wọ́n fi kọ ọ́ mọ́, èmi àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n máa ń ké sí. A ó ka kóòdù náà láti òkè délẹ̀, a ó sì máa kó o bọ́ sínú nǹkan mìíràn díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ kí iṣẹ́ àwọn tó ń lò ó dúró. Nítorí náà, bí mo bá rí framework tuntun, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni ẹni tí yóò tú u palẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá òní.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù sì máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ eléyìí, èwo ni kí n kọ́ tẹ̀lé?" Wọn á dárúkọ mẹ́ta, mẹ́rin: ṣé React ni àbí Vue fún ojú-ewé, ṣé Django ni àbí Laravel fún server (kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú-ewé ránṣẹ́), àbí kí àwọn kúkú lọ kọ́ Flutter fún ètò orí fóònù? Ìbéèrè mìíràn ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn: kí ló ń fún ẹ ní wàhálà nínú iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ báyìí? Ẹni tí kò bá rí ìyẹn dáhùn, àkókò kò tíì tó fún un láti yan nǹkan kan.

Gbogbo framework ló ní ìṣòro tó bí i. Ẹnì kan wà níbì kan tí iṣẹ́ há mọ́ lọ́wọ́, ó kọ kóòdù láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ó wá rí i pé ó lè wúlò fún ẹlòmíràn náà. Bí ẹ bá ti mọ ìṣòro yẹn, ẹ ti mọ ibi tí framework náà yóò ti rọ̀ yín lọ́rùn àti ibi tí yóò ti le mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi ìṣòro tiyín wé ti ẹni tó dá a sílẹ̀. Bí méjèèjì bá jọra, ẹ kọ́ ọ. Bí wọn kò bá jọra, ẹ fi í sílẹ̀ ná, bó ti wù kí òkìkí rẹ̀ kàn tó.

Ẹ wá ìtàn ìbí rẹ̀ rí

Ẹ jẹ́ ká mú Django. Ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan, Lawrence Journal-World, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ni Adrian Holovaty àti Simon Willison ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ẹ wo bí nǹkan ṣe máa ń rí nílé ìròyìn. Olóòtú á ní nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà lórí wẹ́ẹ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú, bẹ́ẹ̀ àwọn akọ̀ròyìn tí kò mọ kóòdù ni yóò máa kó ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Django fi ní ojú-ewé alákòóso tó ti wà nílẹ̀, níbi tí ẹni tí kò mọ Python, èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, rárá ti lè fi àkọsílẹ̀ kún un, kó tún un ṣe, kó sì pa á rẹ́. Bí àkọsílẹ̀ bá pọ̀ nínú iṣẹ́ yín, tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tí àkókò kò sì sí, Django yóò bá yín lára mu bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

React yàtọ̀ pátápátá. Jordan Walke ló kọ ọ́ ní Facebook, wọ́n sì gbé e síta ní 2013. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ohun kan náà máa ń hàn ní ibi púpọ̀ lójú-ewé kan ṣoṣo. Nọ́ńbà orí àmì ìránṣẹ́ á ní ìránṣẹ́ tuntun wà, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, torí pé apá kan ti yí padà, apá kejì kò sì gbọ́. Ìdáhùn React ni pé kí ẹ sọ bí ojú-ewé ṣe yẹ kó rí fún dátà tó wà, òun fúnra rẹ̀ yóò máa ṣe àyípadà tó bá yẹ. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ bí ojú-ewé yín bá jẹ́ àpilẹ̀kọ àti fọ́ọ̀mù ìkànsíni kan, ìṣòro Facebook kò sí lọ́dọ̀ yín, ẹ ó kàn máa ru ẹrù oògùn àìsàn tí kò ṣe yín.

Bákan náà ni àwọn yòókù. David Heinemeier Hansson yọ Rails jáde láti inú Basecamp, ètò tí wọ́n fi ń ṣàkóso iṣẹ́, ní 2004. Ẹgbẹ́ kékeré ló ń ṣe Basecamp, ìdí nìyẹn tí Rails fi ti bá yín yan orúkọ àtẹ dátà àti ibi tí fáìlì máa wà, kí èèyàn díẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Taylor Otwell bẹ̀rẹ̀ Laravel ní 2011 torí pé CodeIgniter, framework mìíràn tó wà nígbà náà, kò ní ètò tí àwọn olùlò fi ń wọlé nínú, tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá dé inú Laravel, ìwọlé àti páásíwọ́ọ̀dù ti rọrùn. Spring wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ìnira EJB, ìlànà fún kíkọ ètò ńlá ní èdè Java, ti sú, pàápàá jùlọ Rod Johnson, fún ètò ńláńlá tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń kọ. Phoenix jókòó lórí èdè Elixir, Elixir jókòó lórí ẹ̀rọ Erlang, Erlang sì jẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ Ericsson ṣe ní àwọn ọdún 1980 fún ẹ̀rọ tó ń so ìpè tẹlifóònù pọ̀, èyí tí kò gbọ́dọ̀ kú. Ní 2015, àwọn tó ń ṣe Phoenix so mílíọ̀nù 2 ìsopọ̀ mọ́ server kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, server tó ní core (ọpọlọ ìṣirò) 40 àti 128 GB RAM (ìrántí). Bí ẹ bá ń ṣe ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí ọ̀rọ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn lójú ẹsẹ̀, ìtàn yẹn kàn yín gan-an. Bí ẹ kò bá ṣe irú rẹ̀, ìtàn dídùn lásán ni.

Kò ṣòro láti rí ìtàn wọ̀nyí. Ẹ ka ìkéde àkọ́kọ́ tí ẹni tó dá a sílẹ̀ kọ. Ẹ wo àsọyé àkọ́kọ́ tó ṣe, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ọ́n, torí pé ìgbà yẹn ló ń sọ ohun tó dùn ún. Ojú-ewé ìpolówó tòní yóò sọ fún yín pé ó yára, ó rọrùn, ó sì lè ṣe ohun gbogbo. Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ wàhálà tiyín sílẹ̀

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ṣí fáìlì kan, kí ẹ máa kọ ohun tó gba àkókò yín sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kó má ju ìlà kan lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ tún gba nọ́ńbà fóònù tí kò pé." "Mo yí àwọ̀ bọ́tìnnì padà ní ojú-ewé mọ́kànlá." "Ojú-ewé ìbéèrè ọjà ń pẹ́ kó tó ṣí." Ẹ má ronú nípa framework kankan nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́.

Àbúrò kan tí mo ń tọ́ sọ́nà ṣe èyí. Flask, framework Python kékeré kan, ló fi ń ṣiṣẹ́, ó sì ti pinnu pé React lòun máa kọ́, nítorí pé gbogbo àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tá a jọ ka fáìlì rẹ̀, ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé ojú-ewé ń fà. A ṣí ọ̀kan wò: ó ń fi ọjà 200 hàn, ó sì ń bi database (ibi tí dátà wà) ní ìbéèrè nígbà 201, ẹ̀ẹ̀kan fún gbogbo ọjà, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan fún orúkọ olùtà ọ̀kọ̀ọ̀kan. React kò lè wo ìyẹn sàn. Ohun tó kàn fún un láti kọ́ ni SQL, èdè tí a fi ń bi database ní ìbéèrè: JOIN tó ń so àtẹ pọ̀, index tó ń mú wíwá yára, àti bí wọ́n ṣe ń ka ohun tí EXPLAIN bá sọ nípa bí database ṣe ń wá ìdáhùn. Ó kọ́ ọ, ojú-ewé náà yára, ó sì di ẹni tí àwọn yòókù ń pè bí database bá ń ṣe wọ́n léṣe. Mo ń sọ èyí torí pé ìdáhùn tí fáìlì yín yóò fún yín lè má jẹ́ framework rárá, ẹ gbọ́dọ̀ fẹ́ gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nísàlẹ̀

Edgar Codd kọ ìwé rẹ̀ nípa bó ṣe yẹ ká máa to dátà sí àtẹ ní IBM ní ọdún 1970. SQL jáde láti inú rẹ̀, a ṣì ń lò ó lónìí. Láàárín ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mo ti rí àwọn irinṣẹ́ ojú-ewé bíi jQuery, Backbone, AngularJS àti React tí wọ́n ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ cookie (àkọsílẹ̀ kékeré tí búráúsà ń tọ́jú), HTTP (ìlànà tí búráúsà àti server fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) àti ọ̀nà tí búráúsà gbà ń ka HTML kò ṣí kúrò lábẹ́ wọn. Ẹni tó mọ ìdí tí fọ́ọ̀mù fi ń lo POST láti fi dátà ránṣẹ́, tó mọ ohun tí 301 (ojú-ewé ti kó lọ) àti 404 (kò sí ojú-ewé náà) túmọ̀ sí, tó lè ka ohun tó ń lọ láàárín búráúsà àti server, yóò kọ́ framework tuntun kíákíá, torí pé ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí i.

Ẹ wádìí, fún framework tí ẹ ń wò, mélòó nínú ohun tí ẹ máa kọ́ ló máa wúlò bí orúkọ rẹ̀ bá parẹ́. TypeScript, èdè JavaScript tí a fi irú dátà kún, tí Microsoft gbé jáde ní 2012, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára: bí ẹ bá kọ́ ọ nítorí Angular, ẹ ó bá a nínú Vue, React àti Svelte. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìyẹn àti kíkọ́ orúkọ àṣẹ ọgọ́rùn-ún tí kò sí níbòmíràn.

Ìlànà kan wà tí n kì í yẹ̀: ohun tuntun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Framework tuntun lórí èdè tí ẹ ti mọ̀, tàbí èdè tuntun fún irú iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe rí. Ẹni tó mọ Python tó sì ń ti Flask lọ sí Django tàbí FastAPI ń gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹni tó mọ Python lórí server, tó wá ń fò lọ sí Flutter, ń kọ́ èdè Dart, ó ń kọ́ bí fóònù ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ojú iboju, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ lè dé Flutter, kò sóhun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ẹ fi JavaScript tàbí Java díẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn.

Báwo ni yóò ṣe kú?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n kì í bi ìbéèrè. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Silverlight, irinṣẹ́ rẹ̀ fún ojú-ewé, dúró ní oṣù kẹwàá 2021. Google ti dáwọ́ ti AngularJS dúró ní ìparí 2021. Vue 2 tẹ̀ lé e ní ìparí 2023. Gbogbo wọn ló kú, àmọ́ ikú wọn kò dọ́gba. Nígbà tí Vue 2 máa fi dópin, Vue 3 ti wà níta láti oṣù kẹsàn-án 2020, èdè rẹ̀ sì jọ ti àtijọ́, nítorí náà ọ̀nà àbákọjá wà. Angular 2 tó jáde ní 2016 láti rọ́pò AngularJS kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ọ́. Èyí tó pọ̀ nínú kóòdù ni wọ́n ní láti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti React, hooks, ọ̀nà tuntun láti kọ component (ègé ojú-ewé), dé ní oṣù kejì 2019, ó yí ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà kọ ọ́ padà, síbẹ̀ component tí wọ́n fi class, ọ̀nà àtijọ́, kọ kò dẹ́kun àtiṣiṣẹ́.

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó wọ̀ mí lára jù ni ètò AngularJS kan tó ń ṣírò owó ìdíyelé. Ní apá kan, ìṣirò náà wà nínú controller, ó so mọ́ $scope, àwọn ohun tó jẹ́ ti AngularJS, níbi gbogbo, tó fi jẹ́ pé a ní láti máa fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan ká tó lè mọ ohun tó ń ṣe. Ní apá kejì, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ti kọ ìṣirò náà bíi function JavaScript lásán, nínú fáìlì tirẹ̀, pẹ̀lú test tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. A gbé apá kejì yẹn sínú ilé tuntun láìyí ìlà kan padà. Láti ìgbà náà, ohun tí mo máa ń wò nínú àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tó bá wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà framework ni èyí: bí mo bá yọ orúkọ framework kúrò, kí ló ṣẹ́kù? Bí òfin iṣẹ́ náà, ìyẹn iye owó, ọjọ́, ẹni tó láṣẹ, bá lè dá dúró, ara mi á balẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti yọ́ mọ́ framework, mo mọ ohun tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo kàlẹ́ńdà rẹ̀. Django máa ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní bí oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ, ó sì ń yan àwọn kan tí yóò tọ́jú fún ọdún mẹ́ta, 5.2 tó jáde ní oṣù kẹrin 2025 ní àtìlẹ́yìn títí di oṣù kẹrin 2028. Angular ń gbé ẹ̀dà ńlá jáde ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ó ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oṣù 18. Méjèèjì ló dára, nítorí pé wọ́n sọ ọjọ́ fún yín ṣáájú. Framework tí kò bá sọ ọjọ́ kankan, tí ìwé àyípadà rẹ̀ sì kún fún "ẹ tún gbogbo rẹ̀ kọ", ẹ jìnnà sí i bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ohun tó gbọ́dọ̀ pẹ́. Ẹ wo ẹni tó ń náwó sí i, ṣé ẹnì kan ni, ṣé ilé-iṣẹ́ kan ni, ṣé àjọ bíi Django Software Foundation ni. Ẹ wo ìwé àṣẹ rẹ̀ náà. React fúnra rẹ̀ fa awuyewuye nítorí ìwé àṣẹ kí Facebook tó yí i sí MIT, ìwé àṣẹ tó fàyè gba ẹnikẹ́ni láti lò ó, ní oṣù kẹsàn-án 2017.

Ariwo ọjà

Ní 2018, ìràwọ̀ (àmì pé ó wu èèyàn) tí Vue ní lórí GitHub, ibi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù, kọjá ti React. Bí ẹnikẹ́ni bá torí ìyẹn rò pé iṣẹ́ Vue ti pọ̀ ju ti React lọ, ìpolówó iṣẹ́ yóò já a kulẹ̀. Ìràwọ̀ ń sọ ohun tó wu èèyàn, kò sọ ohun tí wọ́n ń san owó fún. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ ń wá, ẹ ka ìpolówó 50 fún irú iṣẹ́ àti ibi tí ẹ fẹ́ gan-an, kí ẹ máa sàmì sí orúkọ tó ń jáde. Ẹ sàmì sí èyí tó ń bá a rìn pẹ̀lú: ẹ ó rí i pé Spring kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wá láìsí SQL àti Docker (tó ń di ètò kí ó lè ṣiṣẹ́ níbikíbi), React náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wá láìsí TypeScript. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í pariwo nípa wọn, bíi Laravel, Spring àti ASP.NET, máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu níbẹ̀.

Ẹ fi iṣẹ́ kan náà dán gbogbo wọn wò

Bó bá ku méjì, ẹ má ka àfiwé ẹlòmíràn mọ́. Ẹ kọ ètò kan náà nínú méjèèjì. Tèmi ni ètò ilé ìkàwé: ẹni tó yá ìwé, ìwé tó yá, ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà. Ó kéré, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i dájú pé ó ní àwọn nǹkan tí àpẹẹrẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń yẹra fún: ẹni tó gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, fọ́ọ̀mù tó ní àṣìṣe mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé 10,000 tí a lè wá tí a sì lè ṣí ní ojú-ewé-ojú-ewé, àwòrán èèpo ìwé tí wọ́n ń gbé wọlé, ímeèlì tó ń lọ lóru fún ẹni tó ti pẹ́ láti dá ìwé padà, àti òṣìṣẹ́ tó láṣẹ láti pa nǹkan rẹ́ nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ lásán kò ní.

Ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ kóòdù lè parí rẹ̀ ní kíá, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti le. Ó tún lè fún yín ní àṣà àtijọ́: Svelte 5 tó jáde ní oṣù kẹwàá 2024 yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kéde dátà padà, síbẹ̀ ìdáhùn tí ẹ máa gbà lè jẹ́ ti Svelte 4.

Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Ẹ ṣi orúkọ àtẹ kan kọ. Ẹ pa database. Ẹ fi ọ̀rọ̀ síbi tí nọ́ńbà yẹ kó wà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ka ohun tó bá sọ. Ẹni tó máa dá aṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò: framework tó ní òun máa mú iṣẹ́ yín rọrùn, tí àṣìṣe rẹ̀ sì jẹ́ ìlà ọgọ́ta tí kò dárúkọ fáìlì yín nínú ọ̀kankan, ti fi ara rẹ̀ hàn. Èmi máa ń fi máàkì tó pọ̀ jù lọ fún èyí, ó ju ti ìyára lọ fíìfíì, torí pé inú àṣìṣe ni a ti ń lo àkókò wa.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí server gidi, kí ẹ sì gbìyànjú láti gbé e láti ẹ̀dà tó ṣáájú bọ́ sí tuntun. Àwọn kan máa ń rọrùn títí di ibí yìí.

Bí méjèèjì bá ṣì dọ́gba lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ mú èyí tí ẹnì kan nítòsí yín ti ń lò lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí ẹ lè fi kóòdù yín hàn kó sọ ibi tó ti wọ́ fún yín. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá yín ka ètò ilé ìkàwé yẹn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ewé ìwọlé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó máa kọ́kọ́ yí padà níbẹ̀.